Ọwọ́ Tí Ó Ṣẹ́ ní Niamey: Ìtàn A-to-eegun àti Dókítà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Nínú gbogbo ẹ̀yà ara tí Ẹlẹ́dàá fi jíǹkí ọmọ ènìyàn, bóyá ni a lè rí èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó ti ọwọ́. Ọwọ́ ni àgbẹ̀ fi ń di ọkọ́ mú, ọwọ́ ni akọ̀wé fi ń di kálàmù mú, ọwọ́ ni a fi ń gba ọmọ tuntun, òun náà ni a sì fi ń fa àlejò wọlé. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá dá, ó lè jókòó sí ojú kan kí ó máa hun apẹ̀rẹ̀ tàbí kí ó máa fi ọwọ́ rán aṣọ. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá dá tí kò sì san dáadáa, oúnjẹ òòjọ́ ni ó bá a dá. Abájọ tí ó fi ṣòro láti rí ìran kan ní ayé tí kò ní ẹni tí ń to eegun.

Ìtàn ọwọ́ tí ó ṣẹ́, àti bí a ṣe ń wò ó sàn, jẹ́ ìtàn ilé méjì: ilé a-to-eegun àti ilé ìwòsàn àwọn dókítà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ọ̀tá ni ilé méjèèjì yìí sí ara wọn, pé ọ̀kan jẹ́ ti òkùnkùn, èkejì sì jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀. Bí a bá fi ara balẹ̀ wo ìtàn náà, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Agbo ilé kan ni àwọn méjèèjì ti jáde. Olúkúlùkù wọn ni ó ti ṣe àṣìṣe tirẹ̀, olúkúlùkù wọn ni ó sì ní ohun tí ó lè fi kọ́ èkejì. Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, jẹ́ ibi tí ó yẹ láti ti wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé níbẹ̀ ni ilé méjèèjì ti ń gba àlejò kan náà títí di òní.

Ìlú Tí Ọwọ́ Ń Bọ́

Niamey tẹ̀dó sí etí odò ńlá tí Yorùbá ń pè ní Odò Ọya. Abúlé àwọn apẹja àti àgbẹ̀ ni kí àwọn Faransé tó sọ ọ́ di ibùdó ìjọba. Ní 1926 ni wọ́n sì gbé olú-ìlú kúrò ní Zinder wá síbẹ̀ pátápátá. Àwọn Zarma àti Songhai ni onílẹ̀, ṣùgbọ́n Haúsá, Fúlàní àti Tuareg pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe ìlú àjèjì fún Yorùbá, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò ọmọ Yorùbá ti ń tajà ní àwọn ọjà rẹ̀, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀, tí àwọn ọmọ náà sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ọmọ onílẹ̀.

Ẹni tí ó bá rìn káàkiri ìlú náà yóò rí i pé ọwọ́ ni ó ń bọ́ ọ. Àwọn obìnrin ń gún jéró nínú odó, àwọn àgbẹ̀ ń lọ́ ìrẹsì ní etí odò, àwọn apẹja ń fa àwọ̀n. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1959 ni a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tí ó wà ní àárín ìlú, èyí tí a wá fi orúkọ Boubou Hama pè nígbà tí ó yá. Nínú ọgbà rẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà, àwọn aláwọ àti àwọn ahunṣọ ti ń ṣe iṣẹ́ wọn lójú àwọn àlejò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní abúlé oníṣẹ́ ọnà tí ó wà ní Wadata. Ìjàkadì ìbílẹ̀ pàápàá, tí Niger ti sọ di ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè láti 1975, iṣẹ́ ọwọ́ ni: ẹni tí ìka rẹ̀ kò bá lè di nǹkan mú kò lè gbé ẹnikẹ́ni ṣubú.

Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí ọwọ́ lè gbà ṣẹ́ kò lóǹkà. Alùpùpù lè gbá ènìyàn lulẹ̀, ọmọlanke lè yí lu ènìyàn, ọmọ ilé ìwé lè já bọ́ láti orí igi dóńgóyárò. Nígbà tí ènìyàn bá ń ṣubú, kò ní ronú kí ó tó na ọwọ́ síwájú. Àtẹ́lẹwọ́ ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ọrùn ọwọ́ ni yóò sì gba ìwúwo gbogbo ara. Bí ọmọ náà bá ti ń ké, tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ti tẹ̀ bí ẹ̀yìn ṣíbí, ìbéèrè kan ni ó wà lẹ́nu ìyá rẹ̀: níbo ni kí á gbé e lọ? Ilé ìwòsàn lè jìnnà, owó sì lè má sí nílé. A-to-eegun, tí Haúsá ń pè ní mai ɗori, wà ní àdúgbò. Ó mọ bàbá ọmọ náà, ó gbọ́ èdè wọn, ó sì lè gba owó díẹ̀díẹ̀. Ó tún ku ohun kan tí ó wúwo ju owó lọ, èyí tí í ṣe ìbẹ̀rù pé bí a bá dé ọsibítù, wọn yóò gé ọwọ́ ọmọ náà dànù.

Ohun Tí Ó Wà Nínú Ọwọ́

Kí á tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí á mọ irú ohun tí ọwọ́ jẹ́. Eegun 27 ni ó wà nínú ọwọ́ kan ṣoṣo. Mẹ́jọ nínú wọn, tí wọ́n kéré bí òkúta wẹ́wẹ́, ni ó tò jọ sí ọrùn ọwọ́; márùn-ún wà nínú àtẹ́lẹwọ́; 14 sì wà nínú ìka. Láàrin wọn ni àwọn iṣan tí ń ká ìka kò àti èyí tí ń nà án ti ń kọjá, bí okùn tí ń gba inú ihò abẹ́rẹ́. Níbẹ̀ náà ni àwọn okùn ìmọ̀lára wà, tí ó ń jẹ́ kí afọ́jú lè fi orí ìka mọ owó wẹ́wẹ́ yàtọ̀ sí ara wọn, àti àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé oúnjẹ fún gbogbo wọn.

Nítorí náà, eegun nìkan kọ́ ni ọwọ́. A lè to eegun kí ó gún régé, kí ọwọ́ sì wà bí igi gbígbẹ nítorí pé iṣan ti lẹ̀ mọ́ra. Ọwọ́ sì lè tẹ̀ díẹ̀ lójú, kí ó sì máa ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ìwòsàn ọwọ́ ń bèèrè: kí eegun padà sí àyè rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn dé ìka, kí ìka sì máa rìn. Ẹni tí ó bá ṣe ọ̀kan tí ó sì gbàgbé méjì kò tíì wo ọwọ́ sàn. Ìtàn ilé méjèèjì ni ìtàn bí a ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́ta yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń gbàgbé wọn.

Ilé A-to-eegun

Kò sí ẹni tí ó lè ka ọdún tí ọmọ ènìyàn ti ń to eegun. Ní 1908, ọ̀mọ̀wé Grafton Elliot Smith kọ̀wé nípa òkú méjì tí a wú jáde nínú ibojì àtijọ́ ní Naga-ed-Dêr ní ilẹ̀ Íjíbítì, tí wọ́n ti wà nílẹ̀ láti ìgbà ayé àwọn Fáráò àtijọ́, ní ohun tí ó ju 4,000 ọdún lọ. Eegun itan ọ̀kan ti dá, eegun apá èkejì ti dá, igi ìdè tí a fi aṣọ ọ̀gbọ̀ wé sì wà lára wọn síbẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà, nígbà náà, ni díẹ̀ nínú àwọn igi ìdè tí ó pẹ́ jù lọ tí a tíì rí ní ayé ti wá.

Láàrin Yorùbá, iṣẹ́ ìdílé ni iṣẹ́ yìí. Láti kékeré ni ọmọ ti ń wo bí bàbá rẹ̀ ṣe ń fi àtàǹpàkò wá ojú ibi tí eegun ti kán, bí ó ṣe ń fà á, tí ó sì ń tì í padà sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi òrí ra á, yóò to pẹlẹbẹ ọparun tàbí igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, yóò sì fi ọ̀já dè é. Bí ó ti ń ṣe èyí ni yóò máa pọfọ̀, tí yóò sì máa fi ọ̀rọ̀ tu aláìsàn nínú. Ní ọ̀pọ̀ ibi, a-to-eegun a máa ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, a sì máa tò ó bí ó ti to ti ènìyàn. Ọjọ́ tí adìẹ bá fi ẹsẹ̀ náà rìn ni a ó tú ìdè aláìsàn.

Ọ̀làjú lè fi ti adìẹ yìí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ní ayé tí kò sí ẹ̀rọ tí ń wo inú ara, adìẹ ni ó ń kọ́ aláìsàn àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní sùúrù, pé eegun ní ìgbà tirẹ̀, a kì í fi ipá mú un. Àléébù ibẹ̀ ni pé eegun adìẹ tètè ń jinná ju ti àgbàlagbà lọ. Ẹni tí a bá tú ìdè rẹ̀ ní ọjọ́ tí adìẹ rìn lè rí i pé eegun tirẹ̀ kò tíì mú.

Ilé Àwọn Dókítà

Àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù kò bá ìmọ̀ nípa ọrùn ọwọ́ wá láti ọ̀run. Láti ayé Hippocrates ní ilẹ̀ Gíríìsì, fún ohun tí ó ju 2,000 ọdún lọ, wọ́n gbà pé bí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn ṣubú, ó yẹ̀ ni, kò ṣẹ́. Ní 1783 ni a tẹ ìwé Claude Pouteau, oníṣẹ́-abẹ ará Lyon, tí ó sọ pé eegun ni ó ń dá. Àwọn díẹ̀ ni ó kà á. Ní 1814, Abraham Colles ní Dublin tún sọ ọ́ ní gbangba. Kò ní ẹ̀rọ kankan. Ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ni ó fi mọ̀ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí a-to-eegun. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn dókítà fi ń pe irú ọwọ́ ṣíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Colles fi ìtùnú kan kún un: ó ní bí a kò tilẹ̀ tò ó, tí títẹ̀ rẹ̀ sì wà títí ayé, ìrora lè lọ, kí ọwọ́ sì padà máa rìn nígbà tí ó bá yá.

Ní àkókò yẹn, àwọn a-to-eegun pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn dókítà kò fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n àwọn mẹ̀kúnnù fẹ́ràn wọn púpọ̀. Ní 1867, James Paget, ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́-abẹ tí ó lókìkí jù ní London, dìde láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa àwọn àìsàn tí a-to-eegun ń wò sàn. Ó kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣe kẹ́gàn nìkan. Kí wọ́n mú èyí tí ó dára nínú iṣẹ́ wọn, kí wọ́n sì fi èyí tí kò dára sílẹ̀.

Ní Liverpool ni ọ̀rọ̀ yìí ti so èso. A-to-eegun kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Evan Thomas, tí ìdílé rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ìran dé ìran ní erékùṣù Anglesey. Ó rán ọmọ rẹ̀, Hugh Owen Thomas, lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi àìkàwé bú u. Ọmọ náà, tí a bí ní 1834, di dókítà, ṣùgbọ́n kò ju iṣẹ́ bàbá rẹ̀ nù. Ó kọ́ àwọn dókítà bí a ti í jẹ́ kí ibi tí ó dá sinmi, ó sì kọ́ Robert Jones, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyàwó rẹ̀, ní gbogbo ohun tí ó mọ̀. Robert Jones yìí ni ó wá di olórí àwọn tí ń wo eegun àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹni tí ó bá wọ ilé ìwòsàn eegun lónìí, tí ó sì rò pé òun ti sá kúrò nílé a-to-eegun, kò mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé ilé kan náà ni òun wà.

Ohun méjì mìíràn ni ó yí iṣẹ́ náà padà ní ọ̀rúndún yẹn. Èkíní ni èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní P.O.P., ìyẹ̀fun funfun tí a fi sára aṣọ, tí a rì sínú omi, tí ó sì ń le bí òkúta lára ẹni tí ó ṣẹ́. Antonius Mathijsen, dókítà ọmọ ogun ilẹ̀ Holland, ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1852. Èkejì ni ìtànṣán X-ray tí Wilhelm Röntgen rí ní Jámánì ní 1895. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú òrùka ní ìka, wà lára àwọn àwòrán àkọ́kọ́ tí ó yà. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí Robert Jones gbé ọmọdékùnrin kan tí ọta ìbọn sọnù sínú ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lọ sí yàrá ìwádìí Oliver Lodge ní Liverpool. Wọ́n fi ìtànṣán náà wò ó, wọ́n sì rí ọta náà láàrin eegun. Ọmọ-ọmọ iṣẹ́ a-to-eegun ni ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó fi ojú rí inú ọwọ́ tí ó ń wò.

Bí Ilé Kejì Ṣe Dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ní 1905 ni ìjọba Faransé dá ètò ìtọ́jú àwọn ọmọ onílẹ̀ sílẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1918 ni wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Dakar, níbi tí a ti kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní iṣẹ́ ìwòsàn, tí a sì fọ́n wọn ká gbogbo ilẹ̀ náà. Niger tóbi púpọ̀, àwọn dókítà kò sì tó nǹkan. Ibà, àìsàn yírùnyírùn àti àrùn àsùn-ùn-jí ni wọ́n ń bá jà. Ọwọ́ tí ó ṣẹ́ kì í pani lójú ẹsẹ̀, nítorí náà a fi í sílẹ̀ fún a-to-eegun. Lẹ́yìn tí Niger gba òmìnira ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1960, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ àwọn oníṣègùn tirẹ̀. Ní 1974 ni a ṣí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ní Niamey, kí ọmọ Niger lè di dókítà láì kúrò nílé. Ní 2016 ni a sì ṣí ilé ìwòsàn ńlá tí ilẹ̀ Ṣáínà bá wọn kọ́ sí ìlú náà, ní àfikún sí àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ogun ni ó bí ilé ìwòsàn eegun. Ní 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, a dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Ìgbóbì ní Èkó fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́. Ní 1945 ó di ilé ìwòsàn fún gbogbo ènìyàn. Òun ni gbogbo ayé mọ̀ sí Ìgbóbì títí di òní. Ó wọ́pọ̀ kí ẹni tí ó ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ a-to-eegun tún wá sí irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, kí ẹlòmíràn sì ti ibẹ̀ jáde padà sí ọ̀dọ̀ a-to-eegun.

Ìdè Tí Ó Le Jù

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná. Àwọn dókítà ní Niger àti ní Nàìjíríà ti kọ̀wé léraléra nípa àwọn ọmọdé tí a gbé dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú ọwọ́ tí ó ti dúdú, tí ó tutù, tí ó sì ti ń jẹrà, nítorí pé ìdè tí a fi dè é ti le jù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni èyí. Ibi tí eegun ti dá a máa wú ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì. Bí igi àti ọ̀já bá ti há mọ́ ọn pinpin, kò sí ibi tí wíwú náà lè yà sí; yóò tẹ òpó ẹ̀jẹ̀ pa. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ẹran ara fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, ẹran náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọmọ náà yóò máa ké, àwọn àgbà yóò sì máa rò pé oògùn ni ó ń jà. Nígbà tí ó bá dákẹ́, wọn yóò dúpẹ́ pé ó ti fúyẹ́, wọn kò mọ̀ pé okùn ìmọ̀lára ti kú ni. Àìsàn kékeré, tí ìbá san láàrin oṣù kan, ni ó wá di èyí tí a ó gé ọwọ́ lé lórí. Ìbẹ̀rù tí ó mú kí ìyá sá fún ọsibítù ni ó sì wá ṣẹ mọ́ ọn lára.

Ó rọrùn láti fi gbogbo ẹ̀bi yìí lé a-to-eegun lórí. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ọwọ́ tí ó ká kò bí èékánná àṣá nítorí ìdè líle? Richard von Volkmann ni, oníṣẹ́-abẹ ará Jámánì, ní 1881. Ọwọ́ tí ó sì ń wò, ìdè àwọn dókítà Yúróòpù fúnra wọn ni ó bà á jẹ́. Kò ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́yìn tí P.O.P. dé. Ilé àwọn dókítà ti dá ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ó jẹ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n má ṣe dá a mọ́. Ibi tí ilé méjèèjì ti yàtọ̀ gan-an nìyẹn. A-to-eegun ní ọwọ́ tí ó mòye, ó sì ní sùúrù. Ohun tí kò ní ni ìwé tí a kọ àṣìṣe sí, èyí tí yóò jẹ́ kí a-to-eegun tí ó wà ní Niamey mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Zinder.

Ǹjẹ́ a lè kọ́ a-to-eegun? Ní 1978, àwọn orílẹ̀-èdè ayé tí ó pàdé ní Alma-Ata fohùn ṣọ̀kan pé oníṣègùn ìbílẹ̀ lè ní àyè tirẹ̀ nínú ètò ìlera bí a bá kọ́ ọ bí ó ti yẹ. Ní 2005, oníṣẹ́-abẹ kan ní Etiópíà tẹ ìròyìn jáde pé òun kó àwọn a-to-eegun àgbègbè òun jọ fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan péré, tí òun fi hàn wọ́n bí ìdè líle ṣe ń pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, iye àwọn tí a ń gbé wá fún gígé dín kù. Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, J. E. Onuminya, oníṣẹ́-abẹ eegun, kọ̀wé ní 2006 pé a-to-eegun tí a kọ́ ní ẹ̀kọ́ ṣe dáadáa ju èyí tí a kò kọ́ lọ. Ọjọ́ kan péré ni ẹ̀kọ́ ti Etiópíà gbà. Bí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan bá lè gba ọwọ́ ọmọ là, ìjà láàrin ilé méjèèjì kò mú ọgbọ́n dání.

Ọwọ́ Tí A Kò Lò

Ilé àwọn dókítà náà ní àṣìṣe mìíràn, èyí tí ó pẹ́ kí ó tó jẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ti rí P.O.P. gbà, wọ́n rò pé bí eegun bá ti mú, iṣẹ́ ti parí. Wọn a di ọwọ́ aláìsàn láti ìgúnpá dé orí ìka fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n bá tú u, eegun ti mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ti gan. Dókítà Faransé kan, Just Lucas-Championnière, ni ó gbógun ti èyí. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní 1895, ó ní kí a máa wọ́ ibi tí ó dá, kí a sì máa mú un rìn, nítorí pé ohun tí kò bá rìn kò ní ìyè. Wọ́n ta kò ó, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti dá a láre. Lónìí, gbogbo dókítà ni ó mọ̀ pé ìka gbọ́dọ̀ máa ká kò, kí ó sì máa nà, láti ọjọ́ kìíní tí a ti di ọrùn ọwọ́, àyàfi bí dókítà bá rí ìdí pàtàkì tí kò fi yẹ bẹ́ẹ̀.

Ní ibi yìí ni a-to-eegun ti ní ohun kan láti fi kọ́ni. Òrí tí ó fi ń ra ọwọ́, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ó fi ń jó o, àti bí ó ti ń rọ aláìsàn kí ó máa gbìyànjú díẹ̀díẹ̀, kò jìnnà sí ohun tí a ń ṣe ní ilé ìwòsàn fún ọwọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ìgbà ni ó ṣe pàtàkì. Bí a bá fi agbára wọ́ ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́, eegun yóò tún yẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì tún dà sí i. Ṣùgbọ́n bí eegun bá ti mú, fífi òrí ra á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń tu iṣan.

Ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà tí ó ṣẹ́ a máa gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó mú. Ti ọmọdé a máa yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí agbára tó padà sí i tán, oṣù púpọ̀ lè kọjá. Ní àkókò yìí, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀: kí ó máa fún amọ̀ tútù tàbí àkísà tí a ká jọ, kí ó máa fi orí ìka kọ̀ọ̀kan kan àtàǹpàkò, kí ó máa yí àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni tí ń gba nǹkan, kí ó sì máa yí i sí ìsàlẹ̀ bí ẹni tí ń fi nǹkan lélẹ̀. Ìyá tí ó bá fẹ́ padà sí ìdí odó kì yóò fi ọmọ odó bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò òfìfo ni yóò kọ́kọ́ gbé.

Eegun kékeré kan wà ní ìdí àtàǹpàkò tí ó jẹ́ ẹlẹ́tàn. Nígbà tí ó bá dá, ọwọ́ kì í tẹ̀, X-ray ọjọ́ kìíní sì lè má fi hàn. Aláìsàn yóò rò pé ọwọ́ rọ́ lásán ni. Ẹ̀jẹ̀ tí ń dé ibẹ̀ kò pọ̀. Bí a bá pa á tì, ó lè má mú láéláé. Nítorí náà ni àwọn dókítà fi máa ń dè é fún ìgbà díẹ̀, tí wọn a sì ní kí aláìsàn padà wá lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá sí 14 fún àwòrán mìíràn. Ẹni tí kò padà, ara rẹ̀ ni ó tàn.

Ipa Ti Olùkọ́

Ní 2006, ìjọba Niger kéde pé ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún di ọ̀fẹ́. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń gun igi ní àkókò ìsinmi ilé ìwé ti ju ọdún márùn-ún lọ. Olùkọ́ ni ó sábà máa ń wà nítòsí nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ṣubú, ní Niamey gẹ́gẹ́ bí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Pọtonóòfò. Ohun tí ó bá sì ṣe kí àwọn òbí tó dé lè pinnu bí ọmọ náà yóò ṣe fi ọwọ́ rẹ̀ jẹun títí ayé.

Kí ó má ṣe fa ọwọ́ náà, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Kí ó bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò kí wíwú tó bẹ̀rẹ̀. Rúlà onígi kan, tàbí páálí tí a ṣẹ́ po, tó láti fi gbé ọwọ́ ró. Gèlè tó láti fi gbé e kọ́ ọrùn. Kí ìdè náà má le, kí orí ìka sì hàn síta, nítorí pé ìka ni yóò máa ròyìn ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú. Bí ó bá funfun tàbí tí ó dúdú, tí ó tutù, tí ó kú tipiri, tàbí tí ọmọ bá ń ké sí i bí a ti ń na ìka rẹ̀, kí a tú ìdè náà lójú ẹsẹ̀, ẹni yòówù kí ó dè é, kí a sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn láì dúró di ọ̀la. Bí egbò bá wà, tí eegun yọ síta, tàbí tí ìgò gé ìka tí kò sì lè ká mọ́, ilé ìwòsàn nìkan ni ọ̀nà.

Bí àwọn òbí bá sì pinnu láti lọ sí ọ̀dọ̀ a-to-eegun, olùkọ́ kò gbọdọ̀ bá wọn jà kí ó sì yọwọ́. Kí ó bá wọn lọ, kí ó kí bàbá a-to-eegun pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí àgbà, kí ó sì bẹ̀ ẹ́ ní ohun kan ṣoṣo: kí ó máa wo orí ìka ọmọ náà ní òru àti ní òwúrọ̀. Àgbà tí a bá bọ̀wọ̀ fún kì í kọ etí dídi sí ọ̀rọ̀ rere.

Àwọn baba wa ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ilé a-to-eegun ni ọ̀tún, ilé dókítà ni òsì, tàbí kí á yí i padà. Kò sí èyí tí ó lè dá wẹ ara rẹ̀. Ọmọ tí ó já láti orí igi dóńgóyárò ní Niamey kò bèèrè ilé tí ó jẹ́ àgbà. Ohun tí ó ń bèèrè ni kí ọwọ́ rẹ̀ tún lè di kálàmù mú.